Ẹ Bi Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Ẹ Fún Ọmọ Ní Èyí Tó Ti Kú Kó Tú U

Ẹ kú oṣù tuntun o. Àtìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 pé iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà wọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, tí àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù sì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ àti ọ̀gbìn, lẹ́tà ò jẹ́ kí n sinmi. Àwọn tísà ló pọ̀ jù, òbí tẹ̀ lé wọn, ọmọ iléèwé kan ṣoṣo ló kọ̀wé, tiẹ̀ ni mo sì gbádùn jù, ẹ máa rí i nísàlẹ̀.

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Tísà Data Processing ni mí ní sùkúù ìjọba kan. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn SS1 ní àtúnṣe kọ̀ǹpútà báyìí. Kọ̀ǹpútà méje ló wà ní láàbù wa, méjì péré ló ń tàn, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ sì wà lápò pirinsípà, wọ́n ní àwọn ọmọ á bà á jẹ́. Ọmọ 42 ló wà ní kíláàsì. Ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ibo ni kí n ti mú un? – Tísà tọ́rọ̀ sú, Òṣogbo

Tísà mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní méjì péré ló ń tàn bí ẹni pé òfò ló ṣe yín, márùn-ún tó kú yẹn gan-an ni láàbù yín. Ẹ lọ bá pirinsípà, ẹ sọ pé ẹ ò ní fọwọ́ kan méjì tó ń ṣiṣẹ́, àwọn òkú lẹ fẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú. Ta ló ń bẹ̀rù pé wọ́n á ba ohun tó ti bàjẹ́ jẹ́? Ẹni tó bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan mìíràn ló ń dùn ún.

Ọmọ 42 pọ̀ jù fún ẹ̀rọ márùn-ún, ẹni méjì á máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á máa wòran, àwọn tó wà lẹ́yìn á ti máa sọ̀rọ̀ Arsenal. Ẹ pín wọn sí méjì, kí ìdajì wà nídìí ẹ̀rọ, kí ìdajì kejì máa ṣe eré oníbàárà tí mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n pààrọ̀. Ìyẹn á jẹ́ kó ku mẹ́rin mẹ́rin sídìí ẹ̀rọ kan. Ẹnì kan á máa tú, ẹnì kan á máa tọ́jú síkúrù, ẹnì kan á máa kọ̀wé, ẹnì kẹrin, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa pariwo "dúró ná!" tó bá ti rí i pé ẹni tó ń tú fẹ́ fagbára yọ nǹkan. Ẹ má fojú di ẹnì kẹrin yìí o, òun ló máa gba mọ́dábọ́ọ̀dù yín là, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ so mọ́.

Fún síkúrù, kíréètì ẹyin ni kẹ́ ẹ lò. Ihò kìíní fún síkúrù tó kọ́kọ́ jáde, ihò kejì fún èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá wá di àsìkò àtidè é padà, láti ẹ̀yìn ni wọ́n á ti máa mú un bọ̀. Síkúrúdíráfà ẹlẹ́nu àgbélébùú méjì, ńlá kan, kékeré kan, ti tó fún ọdún kan.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má kọ "Definition of Hardware" sójú bọ́ọ̀dù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ wáyà iná kúrò lára ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú ẹ̀ jáde, kí wọ́n wá ṣí i. Power pack, ìyẹn àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn, èèwọ̀ nìyẹn. Wọ́n lè yọ ọ́ lódindi, wọn ò gbọdọ̀ ṣí i láéláé, nítorí iná 230 fóòtì (volt) ló ń wọ ibẹ̀, kàpásítọ̀ tó wà nínú ẹ̀ sì lè di iná mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọ̀ wáyà tó ń jáde lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n: yẹ́lò 12 fóòtì, pupa 5, aláwọ̀ ọsàn 3.3, dúdú ni earth, ibi tí iná ń gbà padà.

Tí wọ́n bá wá bi yín pé kí ni RAM, kí ni hard disk, ẹ mú wọn lọ sọ́jà. Ìyá tó ń ta aṣọ, ilé ló kó ọ̀pọ̀ ọjà sí, ìyẹn hard disk. Èyí tó tẹ́ sórí ìsọ̀ láàárọ̀ kí oníbàárà lè rí i kíá, ìyẹn RAM. Ìsọ̀ tó bá kéré, màmá á máa sáré lọ sílé ní gbogbo ìgbà lọ mú ọjà wá, oníbàárà á máa dúró, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀ kéré fi ń fà bí ìgbín. Tí NEPA bá wá mú iná lọ, ìsọ̀ ti ṣófo nìyẹn, tilé ló kù. Mi ò tíì rí ọmọ tó gbàgbé eléyìí lẹ́yìn tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nídìí RAM, torí ó rọrùn láti yọ, ó sì máa ń fa wàhálà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi gegele kékeré tó wà lẹ́nu àyè ẹ̀ hàn wọ́n, ó bá ibi tí wọ́n gé lára RAM mu, kò sì sí ní ojú kan náà lára DDR3 àti DDR4, ìyẹn irú RAM méjì, torí náà ọ̀kan ò lè wọ ibi ìkejì. Ti désktọ́ọ̀pù, eyín wúrà 240 ló wà lára DDR3, 288 lára DDR4. Ẹ ní kí wọ́n kà á! Ariwo á sọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé Computer Village n'Íkẹjà gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́, oníbàárà kan gbé désktọ́ọ̀pù wá, tẹ́ ẹ bá tàn án, á kàn máa ké píì, píì, píì, ojú ẹ̀ ò ní mọ́lẹ̀. Èmi tí mo ti rò pé mo gbọ́n, mo ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mo ti yọ mọ́dábọ́ọ̀dù, mo ti ń sọ fún bàbá oníbàárà pé bọ́ọ̀dù ló jó. Ọ̀gá mi dé láti ibi tó ti lọ jẹun, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó mú írésà tó wà nídìí pẹ́ńsù, ó nu ẹsẹ̀ RAM níwájú lẹ́yìn, ó gbọn pàǹtí ẹ̀ dànù, ó tì í padà títí ó fi dún kẹ́ lápá méjèèjì. Ẹ̀rọ tàn. Ó wá bi mí léèrè pé eélòó ni mo ti fẹ́ gbà lọ́wọ́ bàbá yẹn. Títí dòní tí mo bá rí pẹ́ńsù onírésà, ojú ṣì ń tì mí.

Ohun tí ọ̀gá mi fi ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn: nǹkan tó rọrùn, tí kò náwó, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tan án wò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó yí òmíràn. Ọmọ tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ tí ẹ̀rọ wá tàn, kò mọ èyí tó wò ó sàn. Nínú márùn-ún yẹn, tẹ́ ẹ bá kó èyí tó dáa lára wọn pọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ọ̀kan tó máa jí. Ọjọ́ tó bá jí, ẹ ránṣẹ́ pe pirinsípà kí wọ́n wá wò ó, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ á yanjú fúnra ẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọyẹ́ lè pa kọ̀ǹpútà? Ọmọ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. – Bàbá Ìlọrin

Òótọ́ ni, sà. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, iná máa ń gbá jọ sára èèyàn, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi súwẹ́tà rìn lórí rọ́ọ̀gì. Èyí tó ń ta yín tẹ́ ẹ bá di irin ilẹ̀kùn mú, ó ti tó bíi 3,000 fóòtì kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n lára, èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá sì lè ba ohun tó wà lórí RAM jẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Kó bọ́ súwẹ́tà, kó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, kó máa fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kan nǹkan inú ẹ̀. Kó má sì kó RAM sínú láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. SS2 ni mo wà. Láptọ́ọ̀pù dádì mi ń gbóná, mo wo fídíò bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku inú ẹ̀, mo tú u, mo gbọ̀n ọ́n, mo dè é padà, síkúrù méjì ṣẹ́ kù, kò tàn mọ́. Dádì ń bọ̀ láti Àbújá lọ́jọ́ Fúráìdeè. – Ọmọ dáadáa tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta

Àbúrò, oṣooṣù ni ìwé wa ń jáde, Fúráìdeè yẹn ti kọjá, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn bíi tìẹ pọ̀, nítorí wọn ni mo ṣe ń dáhùn.

Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ kó o tó tú u, tí kò wá tàn mọ́ lẹ́yìn tó o dè é, má tíì ronú pé nǹkan jó, ohun tó o yọ tó ò dá padà dáadáa ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Yọ ṣáájà, tú u padà, wo okùn bátìrì lórí bọ́ọ̀dù ṣé ó wọlé tán, yọ ọ́, tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, dá okùn náà padà. Wo RAM, ṣé ó dùbúlẹ̀ dáadáa àbí ó gbé orí sókè. Wo okùn pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín bíi tééèpù tó lọ síbi bọ́tìnnì, torí ibi tó máa ń mú un nìyẹn, ìdè kékeré kan ló dì í mú, tó ò bá dè é, o lè tẹ bọ́tìnnì títí di ọ̀la. Wo okùn fáànù náà, ẹ̀rọ mìíràn ò ní gbà láti dúró tí kò bá rí fáànù. Ti síkúrù méjì tó ṣẹ́ kù, rántí pé gígùn wọn ò dọ́gba, tó o bá ti ti gígùn bọ ihò kúkúrú, ó lè ti gún nǹkan lábẹ́.

Tó o bá rí i pé bátìrì ẹ̀ wú bíi púfúpúfú, dáwọ́ dúró, má tì í bọlẹ̀, má gún un, má ṣáájì ẹ̀, gbé e síta kúrò nítòsí iná.

Dádì ńkọ́? Sọ fún wọn kí wọ́n tó tan án. "Dádì, mo tú láptọ́ọ̀pù yín, kò tàn mọ́, mo ti mọ nǹkan mẹ́rin tí kì í ṣe òun ló fà á." Ìyà ìyẹn máa ń kéré ju ti ẹni tó ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Ṣé ó tàn ṣá? Kọ̀wé padà sí mi.

Mo ní sùkúù kékeré kan n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ wa lè ka gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń kí oríkì. Àmọ́ bọ́sà wa ní kí méjì nínú wọn wá wo tòun, ọ̀rọ̀ dìjà. Bọ́sà ní wọ́n fi òun wọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ní ìbéèrè lásán ni àwọn béèrè. Kí ni wọ́n ṣe tí kò dáa? – Máàmi onísùkúù

Màámi, mo lè búra pé mo mọ ìbéèrè yẹn. Wọ́n bi bọ́sà pé, "Kí lẹ ṣe é?"

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. "Kí lẹ ṣe é?" àti "Kí ló ṣe é?" Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ ń fẹ̀sùn kan èèyàn, èkejì ń béèrè àìsàn ẹ̀rọ. Bọ́sà tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ pé òun ló bà á jẹ́, tẹ́ ẹ bá bi í ní àkọ́kọ́, á ní òun ò ṣe nǹkan kan o, á sì fi ohun tó ṣe gan-an pamọ́, ẹ̀yin lẹ máa wá fi wákàtí méjì wá a. Bí mo ṣe rí i, ìdajì iṣẹ́ ríran oníbàárà lọ́wọ́ ló wà nínú gbólóhùn yẹn, sùkúù ò sì ń kọ́ ọ.

Eré oníbàárà ni mo fi ń kọ́ ọ. Màá mú ọmọ kan, màá fún un ní ìwé tó ní àṣírí àìsàn ẹ̀rọ nínú, á wé gèlè, á di Ìyá Bọ́sà, á jókòó, á ní, "Kọ̀ǹpútà mi ti kú." Ìyẹn nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ àyàfi tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè tó dáa. Àwọn tó fẹ́ tún un ṣe ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, ẹnu nìkan ni. Ẹ kú iṣẹ́ mà, kí lẹ ń rí lójú ẹ̀ báyìí? Ṣé iná ń tàn lára ẹ̀? Ṣé fáànù ń dún? Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn? Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí, bóyá wọ́n gbé tábìlì, bóyá iná ṣẹ́ lójijì? Ìgbà mìíràn àṣírí ìwé náà kò ju pé wáyà mọ́nítọ̀ ti yọ, ọmọ tó bá ti sáré sọ pé hard disk ló bàjẹ́, kíláàsì á rẹ́rìn-ín kú.

Àṣírí kan tí mo fẹ́ràn jù: Ìyá Bọ́sà ní báńkì ò ṣí lórí kọ̀ǹpútà òun mọ́, gbogbo wẹ́ẹ̀bù ló ń kìlọ̀ pé ewu ń bẹ, bẹ́ẹ̀ dátà wà. Àwọn ọmọ á máa sọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì, á máa sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí ọ̀kan á fi béèrè pé, "Mà, aago igun ìsàlẹ̀ yẹn, kí ló sọ?" Ìyá Bọ́sà á ní 2009. Ó parí! Bátìrì rìbìtì kékeré orí bọ́ọ̀dù, CR2032, ló ti kú, tí wọ́n bá ti pa iná, aago á gbàgbé, kọ̀ǹpútà á sì rò pé ìwé ẹ̀rí tí wẹ́ẹ̀bù fi ń hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bátìrì 3 fóòtì tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ èèyàn ti tìtorí ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Lẹ́yìn eré, kí wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì: ẹjọ́ tí oníbàárà rò bó ṣe rò ó gan-an, ohun tá a bi í, ohun tá a rí, ohun tá a ṣe, bó ṣe parí. Ẹ sì fi èyí kún un, màámi: paswọ́ọ̀dù, ẹni tó ni ín ni kó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò, lẹ́tà, àkáǹtì tí wọ́n bá ṣèèṣì rí, ojú ò rí i. Ọmọ tó bá ṣí fọ́tò oníbàárà, mo máa ń yọ ọ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ fún odidi tááàmù, mi ò gba ẹ̀bẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń parí WAEC. Ó lóun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Computer Village, òun ò lọ yunifásítì. Bàbá ẹ̀ ti fárígá. Ta ni kí n gbè? – Ìyá Táíwò, Agége

Ìyá Táíwò, ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ṣé kò lè ṣe méjèèjì ni? Láàárín WAEC sí ìgbà tí yunifásítì máa gbà á, oṣù pọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi kọ́ṣẹ́, bó bá rí bí kò ṣe rọrùn láti dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ l'Ótìgbà, àdúgbò tí Computer Village wà, yálà kó nífẹ̀ẹ́ sí i sí i tàbí kó sáré lọ ra fọ́ọ̀mù JAMB.

Kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ bi ọ̀gá náà ní nǹkan mẹ́ta: ìgbà wo ni ọmọ á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà, ta ló ń sanwó tó bá bà á jẹ́, kí ni á sì mọ̀ ọ́n ṣe kó tó gba fíríìdọ̀mù. Mo mọ ọmọṣẹ́ kan tó fi ọdún kan gbáko ra ráìsì àti omi tútù fún ọ̀gá, kò mọ ju kó gbá ṣọ́ọ̀bù. Àdúgbò tí èèyàn kàn ń gbé ni Ótìgbà kí ọjà kọ̀ǹpútà tó gbà á, ìjọba Èkó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn á kó o lọ sí Kàtáńgówà, apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ta ló mọ̀, ó lè dọ́jọ́ kan kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ síṣẹ́.

Tí bàbá bá ní ìwé ẹ̀rí lòun fẹ́ rí, Cisco Networking Academy, tó ti wà látọdún 1997, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lórí ohun èlò kọ̀ǹpútà, dátà ni á ná an. Èyí tí àwọn òǹgbaniṣíṣẹ́ kárí ayé mọ̀ ni CompTIA A+, ìdánwò méjì ni, owó ẹ̀ sì gùn tá a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, kó má tíì sáré lọ síbẹ̀ kó tó mọ iṣẹ́ dunjú.

Àwa old students sùkúù kan n'Íjẹ̀bú tá a wà ní London fẹ́ fi 20 kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé. Kí la máa ṣọ́ra fún? – Akọ̀wé ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Àsìkò tẹ́ ẹ mú dáa, torí láti 14 oṣù kẹwàá 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń kó èyí tí kò lè gba Windows 11 síta, ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì ní àìsàn kankan. Tẹ́ ẹ bá fi Linux Mint, ètò tó lè rọ́pò Windows, sí i, ọ̀fẹ́ ni, á ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀.

Àmọ́ ẹ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó dì í. Òkú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá kó sínú kọ̀ntéínà, ìdọ̀tí ni lójú òfin, àdéhùn Basel, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ká a mọ́, láti 1 oṣù kìíní 2025 gan-an sì ni wọ́n ti tún un fún mọ́ra. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún tísà lókè pé òkú ẹ̀rọ dára, òkú tilé ni mo wí, a ní wọn rẹpẹtẹ, ẹ má fi kún un. Ẹ nu gbogbo ohun tó wà lórí hard disk wọn dáadáa. Iná London àti tiwa bára mu, ẹnu wáyà náà bára mu, ṣùgbọ́n tí àwọn ti Amẹ́ríkà bá fẹ́ dá tiwọn pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n wo ẹ̀yìn power pack, àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré tó ń yan 115 tàbí 230, tí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ sórí 115, ìró kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́, ẹ̀rọ ti lọ nìyẹn.

Èmi tó bá jẹ́ èmi ni, màá fi 15 ránṣẹ́ dípò 20, màá fi owó márùn-ún tó kù ra síkúrúdíráfà, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná méjì, bátìrì CR2032 páálí kan, ìpara ìtutù (thermal paste) tí wọ́n ń fi sáàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin abẹ́ fáànù, àti SSD, ìyẹn irú èyí tó yára tó ń rọ́pò hard disk, kéékèèké bíi mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ pé mẹ́ta nínú 15 yẹn, tàwọn ọmọ ni láti máa tú.